Ẹ má kánjú gba oògùn náà lọ́wọ́ wọn

Iṣẹ́ famasí ni mò ń ṣe níbí nílùú ọba, methadone sì wà lára nǹkan tí a máa ń fún èèyàn láràárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, oògùn olómi ni, àwọ̀ ewé ló ní, àwọn tí gbáná, ìyẹn heroin, ti di bárakú fún la máa ń fún. Ẹni náà á wọlé, á dárúkọ ara ẹ̀, màá wọn tiẹ̀ sínú ife kékeré, á mu ún lójú mi, màá fún un lómi díẹ̀ kó fi tì í, a ó wá jọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tàbí ọ̀rọ̀ òjò, torí kí n lè rí i pé ó ti gbé e mì lóòótọ́. Ó tán, ó di ọ̀la.

Ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí jù, pàápàá àwọn ìyá tọ́mọ wọn wà lórí ẹ̀, ni pé "ìgbà wo ló máa wá jáwọ́ ńbẹ̀? Ṣebí oògùn náà lẹ tún ń fún un, ẹ kàn gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀ ẹ fi òmíì dípò ni." Mi ò bá wọn jà, ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀, ìyá wo ló fẹ́ kọ́mọ òun máa tò sí kẹ́míìsì lójoojúmọ́? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àwọn dókítà kan wà ní Stockholm, ní Swídìn, tí wọ́n tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 2003. Èèyàn 40 tí heroin ti wọ̀ lára ni wọ́n kó jọ. Wọ́n ń fún 20 nínú wọn ní buprenorphine lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko, iṣẹ́ kan náà lòun àti methadone ń ṣe. Ti àwọn 20 yòókù, ọjọ́ 6 péré ni wọ́n fi rọra dín in kù fún wọn títí tó fi tán, látìgbà yẹn, oògùn tí ò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n ń lò. Gbogbo wọn pátá ni wọ́n jọ ń gbàmọ̀ràn o, wọn ò pa apá kan tì. Nígbà tọ́dún yípo, 15 lára àwọn tó ń gba oògùn ṣì wà nínú ìtọ́jú, kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Lápá kejì, ẹyọ ẹnì kan ò ṣẹ́ kù nínú ìtọ́jú, 4 sì ti kú. 4 nínú 20, láàárín ọdún kan! Àwọn náà kúkú fẹ́ kó dáa fún wọn, wọ́n wá ìrànlọ́wọ́ wá ni.

Lọ́dún 2017 ni ìwé ìròyìn àwọn dókítà, BMJ, wá gbé àkójọ iṣẹ́ jáde, ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà èèyàn tó ti gba methadone tí wọ́n wo ọ̀rọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá mú 1,000 èèyàn fún ọdún kan, nígbà tí wọ́n ń gba methadone bí 11 ló ń kú, nígbà tí wọ́n bá ti kúrò lórí ẹ̀ ó di 36. Ti buprenorphine, bí 4 ni tí wọ́n bá wà lórí ẹ̀, tí wọ́n bá kúrò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10.

Kí ló fà á? Èémí ni irú oògùn bíi heroin máa ń dá dúró. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, ara ẹ̀ ti mọ́ ọn, iye tó máa pa èmi àtẹ̀yin, bóyá ló máa ju kí ara ẹ̀ kàn silẹ̀ lọ. Tó bá wá fi í sílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ọkàn ò gbàgbé, ọjọ́ tó bá padà síbẹ̀ iye àtijọ́ ló máa lò, ibẹ̀ ló ń gbà kú. Ìdí nìyẹn tí ikú fi máa ń pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti rehab bọ̀, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn kó lè jáwọ́ nínú oògùn. Wọ́n tọpa àwọn kan tó gba ìtọ́jú jíjáwọ́ ní London, àwọn tí àpọ̀jù oògùn pa láàárín oṣù 4 lẹ́yìn ẹ̀, inú àwọn tó parí ìtọ́jú náà dáadáa ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn tí ilé ti ń ṣọpẹ́ lé lórí.

Methadone máa ń jókòó síbi tí heroin máa ń jókòó sí nínú ọpọlọ, ó sì ń pẹ́ lára ju ọjọ́ kan lọ, torí náà ara ò ní máa gbọ̀n, imú ò ní máa dà, inú ò ní máa lọ́ ọ, kò sì ní máa sá káàkiri ìgboro. Ara náà ò tún ní gbàgbé. Oògùn ọ̀hún náà léwu o, mi ò ní purọ́, àgàgà ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́, torí ó máa ń gbára jọ sára, ìyẹn la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ látorí iye kékeré tí a ó sì rọra máa fi kún un. Ẹni tó bá pa ọjọ́ 3 jẹ léra wọn, mi ò lè gbé iye tó ń mu tẹ́lẹ̀ fún un, ó lè bínú, ó lè bẹ̀bẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ fún un ni màá kọ́kọ́ pè.

Nígbà tí ìjọba Faransé jẹ́ kí dókítà àdúgbò lásán máa kọ buprenorphine fáwọn èèyàn, láàárín 1995 sí 1999, ikú àpọ̀jù oògùn níbẹ̀ dín kù ní ìdá 79 nínú 100.

Nílé wa ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 ní Nàìjíríà sọ pé bíi mílíọ̀nù 4.6 èèyàn ló ń lo irú oògùn tó bá heroin tan láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó, tramadol àti omi ikọ́ oníkòdíìnì ló sì pọ̀ jù. Ìjọba fòfin de omi ikọ́ náà lọ́dún yẹn. Ẹni tí ara ń ro nítorí ẹ̀ wá ńkọ́? Orí òkè ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbé e lọ, àwọn míì ń fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́lẹ̀ títí tó fi máa "mọ́". Ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí methadone ti dé ilé ìwòsàn Fann ní Dakar, Sẹ̀nẹ̀gà, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbẹ̀ o, kì í ṣe ìlú òyìnbó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílùú ọba, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ nípa naloxone, oògùn tí wọ́n máa ń fín símú láti lé agbára heroin kúrò kí èèyàn lè máa mí padà, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní béèrè ìwé dókítà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tẹ́ ẹ jí i jí i tí ò jí, tí àwọ̀ ètè ẹ̀ ń yí padà, ẹ pe 999, ẹ fín in sí i nímú, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í, torí naloxone lè kúrò lára kí heroin tó kúrò.