Kámẹ́rà tó ń rí gbogbo nǹkan àfi ibi tí mo fẹ́ lu ihò sí

Ìyàwó mi ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, ṣùgbọ́n nígbà tóun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí, kí ni mo tún ń fi pamọ́.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà nílé tí mo fi ń lu ihò sí irin, ó ní tábìlì tí mo lè yí síwá sẹ́yìn. Wàhálà mi ni pé ihò mi kì í bọ́ síbi tí mo rán an. Màá fa ìlà, màá fi pọ́ǹṣì, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, sàmì, màá di ojú kan, màá fi èkejì wò ó títí omi á fi bọ́ lójú mi, tí n bá fi máa lù ú tán, ihò á ti yà lọ kí àwọn ará ìta. Ojú náà ò sì jẹ́ tọ̀dọ́ mọ́, ká má parọ́.

Bí mo ṣe ra maikirosíkóòpù USB nìyẹn. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà o, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà lásán ni, lẹ́ńsì ẹ̀ ló kàn lè wo nǹkan láti ìtòsí, wọ́n wá to iná LED yí i lẹ́nu ká. Lára páálí ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 1000. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ ojú ẹ̀ sí ìlà tí mo fà, háà! Ìlà tí mo rò pé ó gún régé, gọ́tà ni! Ó ní etí òsì, ó ní etí ọ̀tún, pàǹtí irin kún inú ẹ̀. Èwo gan-an ni mo ti ń lu látọjọ́ yìí?

Ó wá ku bí màá ṣe gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀kì mi, ìyẹn ẹnu ẹ̀rọ tó máa ń di bíìtì (irin tó ń lu ihò) mú, ò lè gba nǹkan tó bá nípọn ju 13 mm lọ, kámẹ́rà yìí sì sanra, wáyà ẹ̀ tún wá gba àtàrí jáde, ibi tó yẹ kí n ti dì í mú gan-an. Mo gé páìpù oníke, mo fi bóòtù sí i lórí, mo dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wáyà lè rí ọ̀nà gbà, mo fi síkúrù mẹ́ta fún kámẹ́rà mọ́ inú ẹ̀. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, àmì àgbélébùú yọ láàárín àwòrán, mo wá ń yí tábìlì. Tí mo bá yí i sọ́tùn-ún, àwòrán á gba òsì lọ, àfi bí ẹni tó ń fi dígí gẹrun ìpàkọ́ ara ẹ̀. Nígbà tó yá, àgbélébùú jókòó sórí àmì pọ́ǹṣì pẹ́kí. Mo pe ọmọ mi kó wá wo iṣẹ́ ọpọlọ. Mo yọ kámẹ́rà, mo ki bíìtì bọ̀ ọ́, mo lu ihò.

Ó fi 0.8 mm yẹ̀.

Ọmọ yìí wò ó, ó ní, "Dádì, ṣé àárín fọ́tò náà ni àárín bíìtì?" Mo kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọn. Nígbà tó lọ tán ni mo dá kámẹ́rà padà, mo rọra ń fọwọ́ yí ṣọ́ọ̀kì, ni àmì pọ́ǹṣì irin mìíràn tí mo gbé sábẹ́ àgbélébùú bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yípo lójú láptọ́ọ̀pù bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Mo yí i dé ìdajì, mo fi rúlà sábẹ́ kámẹ́rà wò ó, àmì ti kúrò níbi tó wà, ó ti fi 1.6 mm lọ sí òdìkejì. Ìdajì ẹ̀ ń kọ́? 0.8! Ibi èèkàn yẹn ni bíìtì ń bọ́ sí, kì í ṣe ibi tí àgbélébùú wà. Mo wá ń tún síkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún díẹ̀díẹ̀, ó tó wákàtí méjì, títí àgbélébùú fi dúró sórí èèkàn, mo wá yí tábìlì kí àmì náà lè bọ́ síbẹ̀, ó wá kàn ń pòòyì lójú kan.

Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wo ẹnu ẹ̀rọ náà dáadáa, ọwọ́ mi tó ti mọ́ iṣẹ́ lára sì bọ́ sílẹ̀ tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé tó ń tan ẹ̀rọ. (Ṣé èmi náà ò mọ̀ pé ó yẹ kí n ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná ni?) Wáyà USB bá ń wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì wìì-wìì bí òwú, láptọ́ọ̀pù sáré gba orí tábìlì bọ̀ wá bá mi bí ajá tí olówó ẹ̀ pè, páìpù fọ́ gbàà, kámẹ́rà fò sókè, wáyà já, mo ń pariwo, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń pè.

Gbogbo ilé sáré dé. Mo ti pa ẹ̀rọ, mo di láptọ́ọ̀pù mọ́ àyà. Àwòrán tí kámẹ́rà rí kẹ́yìn ṣì wà lójú ẹ̀, ó rú díẹ̀ ṣùgbọ́n ó hàn: ihò imú méjì, ẹnu tó là gbàgà lábẹ́ ẹ̀. Ìyàwó mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ló tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Dádì, ó ti bọ́ sí i o. Àárín imú yín gan-an ni àgbélébùú wà."