Súìtì aláìníṣúgà: ohun tí kajú, baba dúdú àti ṣokoléètì ti kọ́ mi

Ohun tí ṣúgà ń ṣe nínú súìtì ju adùn lọ. Òun ló ń mú kí baba dúdú pọ́n, kó sì máa fà. Òun ló ń mú kí súìtì ẹ̀pà le, kó sì máa dún kàkà lẹ́nu. Ẹni tó bá kó ṣúgà kúrò, tó wá bu stevia (adùn tí wọ́n ń yọ láti inú ewé kan) díẹ̀ sí i dípò, adùn nìkan ló dá padà. Àwọn iṣẹ́ yòókù kò rí ẹni ṣe wọ́n. Ibẹ̀ ni ìkòkò ti ń dàrú. Nígbà tí mo bá fẹ́ yan ohun tí màá fi rọ́pò ṣúgà, mi ò kọ́kọ́ bi í pé "báwo lo ṣe dùn tó?" Ohun tí mo ń bi í ni pé "kí lo máa ṣe lórí iná?"

Erythritol ni mo ń lò jù. Ó rí bíi ṣúgà hóró, adùn rẹ̀ sì tó ìdá 60 sí 70 nínú 100 ti ṣúgà. Bí iná bá dé nǹkan bíi dígírì 121, ó ń yọ́ di omi tó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ẹ fi í sórí iná di ọ̀la, kò ní pọ́n. Bó bá ti ń tutù, ó ń padà di hóró: ó le, ó sì ṣeé fọ́. Ó tún máa ń mú ẹnu tutù bí ìgbà téèyàn ń lá súìtì ikọ́. Iyọ̀ àti bọ́tà máa ń bo èyí mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọn kò lè bò ó tán.

Allulose ni òdìkejì rẹ̀. Adùn tiẹ̀ náà wà ní nǹkan bí ìdá 70, ṣùgbọ́n ó ń pọ́n, àní ó ń yára pọ́n ju ṣúgà fúnra rẹ̀ lọ. Kì í padà di hóró wẹ́rẹ́, kì í sì í le; ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló máa ń fà mọ́ra. Xylitol dùn bíi ṣúgà gẹ́lẹ́, kì í pọ́n. Ẹni tó bá ní ajá nílé kó jìnnà sí i, torí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lè fa ṣúgà ara ajá wálẹ̀ lójijì, kó sì pa á. Maltitol ló fara jọ ṣúgà jù nínú ìkòkò, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ṣokoléètì aláìníṣúgà tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, ó sì ń ṣí inú. Èmi kì í fi se nǹkan fún alátọ̀gbẹ. Stevia dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po 200 sí 300. Mo ń fi í gbe adùn erythritol lẹ́sẹ̀ ni, mi ò fi í dá nǹkan ṣe. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Òmíràn ti pò mọ́ dextrose tàbí maltodextrin. Dextrose, ṣúgà ni. Maltodextrin sì ń di ṣúgà lára kíákíá.

Oyin ńkọ́? Oyin ìgàn, bó ti wù kó mọ́ tó, ṣúgà ni. Dàbínù náà, ṣúgà ni. Ẹni tó fi dàbínù ṣe súìtì ti ṣe nǹkan tó dára, àmọ́ kó má pè é ní aláìníṣúgà fún ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù. Ife mílíìkì àti ṣíbí kò ṣeé gbára lé níbi iṣẹ́ yìí, torí erythritol tí a lọ̀ kúnná àti èyí tó wà ní hóró kò wúwo bákan náà nínú ife kan.

Kajú kò jìnnà sí wa ní ìpínlẹ̀ Kogi. Láti Kàbbà lọ sí Ìyàmoyè, dé Mọ́pà àti Ìsánlú, ẹni tí kò ní igi rẹ̀ yóò mọ ẹni tó ní, ní nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣì wà nínú èèpo, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n yan ní gbangba. Epo tó wà nínú èèpo yẹn ń bó ara bí iná, èéfín rẹ̀ ń ta ojú, ń ta ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti bó. Bó bá ṣì funfun, ẹ yan án ní dígírì 150 fún ìṣẹ́jú 12 sí 15. Ẹni tí kò ní ófúnù, kó lo ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, iná kékeré, kó máa rò ó láìdúró títí tí yóò fi ní àwọ̀ èèpo búrẹ́dì. Ní ti ẹ̀pà, ẹ ṣà á dáadáa. Ẹ̀pà tó bu, tó rún tàbí tó korò, ẹ dà á nù. Èbu lè fi májèlé aflatoxin sínú rẹ̀, yíyan kò sì lè mú un kúrò tán.

Súìtì kajú tó ń fọ́ ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe, torí ìwà erythritol gan-an ló bá a mu. Kajú yíyan gíráàmù 200, erythritol gíráàmù 150, bọ́tà gíráàmù 40, mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun kan, iyọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì. Bọ́tà tí mo ń wí ni èyí tí wọ́n fi wàrà ṣe. Èyí tí a ń fi sí búrẹ́dì látinú agolo, tí gbogbo wa ń pè ní bọ́tà, májárìnnì ni. Kì í pọ́n bí a ṣe fẹ́. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé erythritol kò lè fún wa ní àwọ̀ àti òórùn kárámẹ́lì, ibòmíràn la ti máa wá a. Inú bọ́tà àti mílíìkì ló wà. Ẹ yọ́ bọ́tà lórí iná kékeré, ẹ da mílíìkì sí i, ẹ máa rò ó títí tí àwọn ègé inú rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí ilé yóò sì máa ta sánsán. Ìgbà yẹn ni kí ẹ da erythritol àti iyọ̀ sí i. Bó bá ti yọ́ tán, tí hóró kankan kò sí nídìí ìkòkò mọ́, ẹ da kajú sí i nígbà tó ṣì gbóná. Kajú tó tutù máa ń mú kí erythritol dì lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì di òkìtì kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Ẹ dà á sórí bébà oníkéèkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 15 ó ti le.

Bí bọ́tà bá léfòó tí kò fẹ́ bá erythritol da pọ̀, ẹ ta omi gbígbóná ṣíbí tíì kan sí i, kí ẹ sì rò ó kíkankíkan. Ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ tó ta omi náà, yóò hó. Bí súìtì náà bá rí bí iyọ̀ lẹ́nu, ó rọra tutù jù ni. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn kó lè tètè dì. Yánmọtí náà gba ọ̀nà yìí. Gíráàmù 150 tó.

Ẹni tó bá gbọ́ kárámẹ́lì tó rò pé nǹkan òyìnbó ni, kó rántí baba dúdú. Wàrà àgbọn àti ṣúgà tí wọ́n sè di dúdú, kárámẹ́lì ni. Fún èyí, erythritol kò wúlò púpọ̀. Allulose la fẹ́. Ẹ rin àgbọn ńlá méjì tó gbó, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e, ẹ fún un títí ẹ ó fi rí wàrà tó tó mìlílítà 450. Allulose gíráàmù 180, erythritol gíráàmù 40, iyọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà bí a ṣe ń ṣe ti ṣúgà. Allulose kì í ní sùúrù. Kí omi àgbọn tó gbẹ, òun ti pọ́n, ó ti ń korò. Nítorí náà, wàrà àgbọn nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kaná, lórí iná kékeré, kí ó sè títí yóò fi kù ìdajì, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da allulose, erythritol àti iyọ̀ sí i. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀, ẹ má dá ìpè kankan lóhùn. Ẹ máa fi ọmọrogùn ha ìdí ìkòkò. Bó bá ti ń ki, ẹ kán an sínú omi tútù: bí ó bá tàn ká, kò tíì tó, bí ọwọ́ bá lè ká a jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, torí ìkòkò tó gbóná ṣì ń sè é lọ. Bí òróró bá ya sọ́tọ̀, èyí tí àgbọn fẹ́ràn láti ṣe, omi gbígbóná ṣíbí ìjẹun méjì àti ríro kíkankíkan yóò dá a padà.

Erythritol kékeré yẹn ló ń jẹ́ kó ní agbára díẹ̀. Bó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má retí kó le bí ti ọlọ́ṣúgà; rírọ̀ ni yóò jẹ́, inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ gé e, kí ẹ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà gan-an. Lásìkò òjò, èyí tí a kò wé yóò ti máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọyẹ́ ni àsìkò rẹ̀.

Ó wá kan ṣokoléètì, òun ló le jù ní ilẹ̀ wa. Kòkó wà lóko ní Ìjùmú àti Kàbbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta kò lè lọ hóró kòkó kúnná tó ohun tí ahọ́n ń fẹ́. Ẹ ra kòkó oníyẹ̀fun gidi. Kì í ṣe èyí tí a ń pò mu láàárọ̀, torí èyíinì ti ní ṣúgà àti málítì nínú. Ẹ ra ọ̀rá kòkó tó jẹ́ ti jíjẹ, kì í ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn oníkíríìmù ara. Òróró àgbọn kò lè rọ́pò rẹ̀ dáadáa: ní dígírì 24 sí 25 ló ti ń yọ́, ọ̀sán Kàbbà sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá kòkó ń dúró títí dé nǹkan bíi 34.

Ọ̀rá kòkó gíráàmù 100, kòkó gíráàmù 70, erythritol gíráàmù 60, iyọ̀ díẹ̀. Erythritol kì í yọ́ nínú ọ̀rá, nítorí náà ẹ lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà gbígbẹ títí yóò fi dà bí àtíkè, kí ẹ sì jẹ́ kí eruku rẹ̀ balẹ̀ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ gbé abọ́ lé orí ìkòkò tí omi díẹ̀ ń hó nínú rẹ̀, kí ìdí abọ́ má kan omi. Ẹ yọ́ ọ̀rá, ẹ sẹ́ kòkó àti erythritol sí i, ẹ rò ó kúnná.

Omi ni ọ̀tá. Ẹ̀kán kan péré, àní èéfín omi láti abẹ́ abọ́, lè mú kí gbogbo rẹ̀ dì bí àmàlà tó ko kókó. Stevia olómi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oníyẹ̀fun ni kí ẹ lò. Èyí tó bá ti dì báyìí kò ní di ṣokoléètì mọ́. Ẹ po wàrà àgbọn gbígbóná mọ́ ọn, kí ẹ fi í da orí nǹkan mìíràn.

Ọ̀nà mẹ́fà ni ọ̀rá kòkó lè gbà dì, ìkarùn-ún nìkan ló ń dán tó sì ń dún pàá bí a bá ṣẹ́ ẹ. Láti rí i, ẹ mú un dé dígírì 45 sí 50, ẹ gbé abọ́ sínú omi tútù, ẹ máa rò ó títí yóò fi wálẹ̀ dé 27 tàbí 28, kí ẹ tún gbé e gòkè sí 31 tàbí 32, kí ẹ sì dà á sí fọ́ọ̀mù. Bí yàrá fúnra rẹ̀ bá wà ní 35, bó ṣe máa ń rí lọ́sàn-án oṣù kẹta, iṣẹ́ yìí kò ní bọ́ sí i. Ìdájí ni mo ń ṣe é. Ẹni tí kò ní tẹmọ́mítà kó kán an sí abẹ́ ètè: bó bá dà bí ẹni pé ó tutù díẹ̀, ó ti sún mọ́ ọn.

Bí funfun bá yọ lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá ló jáde torí pé ó gbóná, ó tutù, ó tún gbóná. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń fa èyí nínú fíríìjì. Kò bà jẹ́, ó kàn burẹ́wà ni. Ẹ fi í sínú ike tí ìdérí rẹ̀ ṣe gírígírí, bí ẹ bá sì gbé e jáde, ẹ má ṣí ike náà títí òtútù rẹ̀ yóò fi lọ, kí ìrì má baà sẹ̀ sí i lára.

Ní ti jíjẹ: kajú gíráàmù 100 ní nǹkan bíi gíráàmù 30 èròjà afúnnilágbára (carbohydrate), ẹ̀pà ní bíi 16. Alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ gúgúrú. Ègé gíráàmù 10 ni mo ń gé, méjì lójúmọ́. Ní 2023, àwọn olùwádìí Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde nínú Nature Medicine tó so erythritol tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Kò fi hàn pé òun ló fà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàìsàn kó bi dókítà rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja, súìtì kajú nìkan ló lè wọ ọkọ̀ lásán. Baba dúdú àti ṣokoléètì gba kúlà, pẹ̀lú ìgò omi dídì méjì tí a fi aṣọ wé.