Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi físíìsì kọrin, ẹ gbọ́ o

Orin mi pé ogún lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ẹ̀ lórí físíìsì, gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo sì ti kọ gbogbo wọn. Mo wá ń gbọ́ tiyín, mo rí i pé àṣìṣe tí mo ṣe gan-an lẹ ń ṣe.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ nǹkan náà kẹ́ ẹ tó fi kọrin. Light year kì í ṣe àsìkò, bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni, ẹ yéé kọ ọ́ pé ẹ ti fi light year mẹ́wàá dúró de olólùfẹ́ yín.

Ìkejì, ohùn. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Orin mi àkọ́kọ́ dá lórí ìmọ́lẹ̀, bó ṣe ń sáré tó nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, síbẹ̀ tó ń fi ìṣẹ́jú 8 àti díẹ̀ rìn láti ara oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa. Oṣù méjì ni mo fi kọ ọ́. Mo wá gbé e lé ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ò gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, bí mo ṣe lanu pé "ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀", "imọlẹ̀ ń bọ̀" ni gbogbo họ́ọ̀lù gbọ́, àfi bíi pé òrìṣà ló ń bọ̀. Nífẹ̀! Ẹnì kan pariwo pé kí obìnrin wọlé o. Ẹ̀gbọ́n tó di máíkì mú tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì di orúkọ mi títí mo fi jáde níléèwé. Ó ṣì ń dùn mí, torí ẹ̀gbọ́n yẹn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ṣàlàyé.

Bàbá onígángan kan ní Ẹnuwá ló ṣàlàyé. Ó ní kí n kọ ọ́, ó lù ú bí mo ṣe kọ ọ́, ó ní "ohun tó o wí nìyí". Ó wá fún okùn awọ ẹ̀gbẹ́ ìlù mọ́ abíyá níbi "mọ́", ohùn fò sókè, ó ní "ohun tó wà lọ́kàn ẹ nìyí". Mò ń wò ó, okùn le, awọ náà le, ó ń yára gbọ̀n, ohùn ń gòkè, tension, ìyẹn bí okùn ṣe fà le tó, tí mo ti há sórí ṣèdánwò nìyẹn lábẹ́ apá bàbá, mi ò tíì rí i rí!

Látìgbà náà, màá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu lásán, màá pa ẹnu dé kí n kùn ún, ibi tó bá gbà ni orin ń gbà. Orin ìmọ́lẹ̀ yẹn, mo ti tún un kọ. Òun ló pé ogún.