Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí tábìlì tí a ti ń ka owó ọrẹ

Kì í fìgbà gbogbo jẹ́ olè jíjà ló ń ba orúkọ akápò jẹ́ nínú ìjọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan á kàn béèrè pé, "Èló la rí lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àwọn ìyá?", kò sì ní sí ìwé kankan tó lè dáhùn. Akápò lè má fọwọ́ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ta ni yóò jẹ́rìí rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ààbò àwọn tó ń kawó gan-an ni ètò kíka owó jẹ́. Ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn ọ́ṣà àti akápò yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun, torí àwọn olóòótọ́ inú wọn ló kọ́kọ́ máa ń bínú pé a ò fọkàn tán àwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Nínú 2 Àwọn Ọba orí 12, ọwọ́ àwọn àlùfáà ni owó tí àwọn èèyàn ń mú wá ń bọ́ sí tààrà, kálukú ń gbà á lọ́wọ́ ojúlùmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fi tún tẹ́ḿpìlì ṣe. Títí di ọdún 23 ìjọba Jèhóáṣì, wọn ò tíì tún ibi tó bà jẹ́ ṣe. Jèhóíádà àlùfáà wá gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ọmọrí rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Bí owó bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà á jọ wá, wọ́n á jọ kà á, wọ́n á sì dì í sínú àpò. Ẹ fiyè sí àwọn méjèèjì: ọ̀kan ti ààfin wá, ìkejì ti tẹ́ḿpìlì wá.

Nítorí náà, kí àwọn tí yóò kawó jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n má jẹ́ tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù. Ẹnì kan á kà, ẹnì kejì á tún un kà, ẹnì kẹta á kọ ọ́ sílẹ̀. Kí pásítọ̀ má jókòó níbẹ̀. Bí pásítọ̀ bá wà nídìí tábìlì, kò sẹ́ni tí yóò lè sọ pé "Ẹ jẹ́ ká tún un kà."

Àárín apẹ̀rẹ̀ àti tábìlì ni nǹkan ti sábà máa ń bà jẹ́. Ọ́ṣà kan á gbé apẹ̀rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé kọjá sí yàrá àlùfáà, á gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí títí ìwàásù á fi parí. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Iwájú gbogbo ìjọ ni kí gbogbo apẹ̀rẹ̀ ti wọ inú àpò kan ṣoṣo tó ní síìpù. Kí ọ́ṣà méjì jọ gbé e, kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹnu rẹ̀, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lu bébà náà. Ọrẹ ní àpò tirẹ̀, ìdámẹ́wàá ní tirẹ̀, ìdúpẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé ọrẹ àwọn ọmọdé. Wọ́n sábà máa ń fi ra bisikíìtì kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọlé ná, lẹ́yìn náà ẹ lè fún wọn lówó bisikíìtì.

Tábìlì tí kò ní aṣọ lórí ni kí ẹ lò, torí owó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Kí báàgì, Bíbélì àti fóònù kúrò lórí rẹ̀. Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo owó tí wọ́n ká. Àwọn kan máa ń ká 50 náírà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, òógùn ọwọ́ á sì ti lẹ owó méjì pọ̀ bí ẹyọ kan. Ẹ nà án, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, kí ẹ wá yà wọ́n sọ́tọ̀: 1,000, 500, 200, 100, 50, títí dé orí àwọn kékeré. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí àwọ̀ 200, 500 àti 1,000 padà lópin ọdún 2022, ti àtijọ́ àti ti tuntun la jọ ń ná pọ̀. Àwọ̀ búlúù 1,000 tuntun lè tan ojú tó ti rẹ̀ jẹ kó pè é ní 500 àtijọ́. Iye tí wọ́n kọ sára owó ni kí ẹ wò.

Ọgọ́rùn-ún ẹyọ ni ìdì kan: ìdì 1,000 jẹ́ 100,000 náírà, ti 500 jẹ́ 50,000, ti 200 jẹ́ 20,000. Èyí tí kò bá pé ọgọ́rùn-ún, ẹ fi rọ́bà dè é, kí ẹ fi bébà kékeré tí ẹ kọ iye ẹyọ sí há a lórí. Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹni àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sọ iye tó kà sókè. Bí ẹnì kejì bá ti gbọ́ "mẹ́tàdínlógójì", mẹ́tàdínlógójì lòun náà máa kà, ì báà jẹ́ mẹ́rìndínlógójì ló wà níbẹ̀. Kí kálukú kọ tirẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n tó fi wéra. Bí kò bá bára mu, ìdì yẹn nìkan ni kí wọ́n tún kà.

Kí ìwé ìṣirò ní ojú mẹ́ta: irú owó, iye ẹyọ, àròpọ̀. Ká ní 1,000 jẹ́ ẹyọ 37, ìyẹn 37,000. 500 jẹ́ 64, ìyẹn 32,000. 200 jẹ́ 118, ìyẹn 23,600. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 92,600 náírà. Ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà, ẹ tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Bírò ni kí ẹ lò, ẹ má lo pẹ́ńsù. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀ kí ẹ sì buwọ́ lù ú, ẹ má pa á rẹ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akápò, kí èkejì wà lọ́wọ́ akọ̀wé owó.

Ní ti àpòòwé ìdámẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa ṣí i. Bí wọ́n bá kọ 5,000 sára rẹ̀ tó sì jẹ́ 4,500 lẹ bá nínú rẹ̀, ẹ kọ 4,500, kí ẹni méjì buwọ́ lù ú, kí ẹ sì rọra sọ fún ẹni tó mú un wá. Bí ẹ bá da gbogbo àpòòwé pọ̀ kí ẹ tó ka orúkọ, ọ̀nà àtimọ̀ ti dí nìyẹn. Dọ́là tàbí pọ́n-ùn, bó ṣe jẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Kí ẹni tó ń kawó má fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye tí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ.

Gbogbo ohun tí ẹ kà ló gbọdọ̀ dé báńkì. Níbí ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣubú. "Ẹ mú 10,000 níbẹ̀ fún dísù, kí ẹ fún onílù ní 5,000 owó mọ́tò." 92,600 ló wà nínú ìwé, 77,600 ló wà lórí tẹ́là báńkì (ìwé tí a fi san owó sí báńkì), oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó rántí ohun tó fà á. Ẹ ya owó kékeré sọ́tọ̀, ká ní 30,000, lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í kawó ọrẹ. Ìgbàkígbà tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, owó tó kù àti rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ 30,000. Iye tó wà lórí rìsíìtì nìkan ni kí ẹ máa fi dí i padà. Kí ohun tí ẹ kà dọ́gba pẹ̀lú ohun tó dé báńkì. Bí Ẹ́sírà ṣe ṣe é nìyẹn ní orí 8 ìwé rẹ̀: ó wọn fàdákà àti wúrà fún àwọn àlùfáà kí wọ́n tó gbéra, nígbà tí wọ́n dé Jerúsálẹ́mù wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n sì kọ gbogbo ìwọ̀n náà sílẹ̀. Ìwé ìṣirò ọjọ́ Àìkú ni ìwọ̀n àkọ́kọ́, tẹ́là ọjọ́ Ajé ni ìkejì. Kí owó má sùn sílé akápò láàárín méjèèjì. Kó wà nínú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì, lọ́wọ́ ẹni méjì.

Láti ìgbà ọ̀wọ́n owó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni tiránsífà àti POS ti di bárakú nínú ìjọ. Orúkọ ìjọ ni kó wà lórí àkáǹtì tí ẹ ń gbé sójú amóhùnmáwòrán, kì í ṣe orúkọ pásítọ̀, kì í sì í ṣe ti akápò, bó ti wù kí ìwà rẹ̀ dára tó. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kí owó tó lè jáde níbẹ̀. Ẹ bẹ ìjọ kí wọ́n máa kọ "ore", "idamewaa" tàbí "ikole" síbi àlàyé tí wọ́n bá ń fi owó ránṣẹ́, torí owó tí kò ní àlàyé ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà ìkórè. Àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù kì í ṣe owó, àkọsílẹ̀ báńkì ni kí ẹ gbà gbọ́. Báńkì á sì yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ lórí POS, nítorí náà ẹ kọ iye tí olùfúnni san, kí ẹ kọ iye tí báńkì yọ sọ́tọ̀.

Owó ìkọ́lé, owó ìkọ́lé ni. Nínú 2 Àwọn Ọba orí 12 yẹn kan náà, wọn ò fi owó àtúnṣe rọ àwo fàdákà. Bí ẹ bá yá nínú rẹ̀ láti tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ iye rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n yá a àti ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà.

Àwọn ìjọ wa tó wà nílùú Ọba ní ìdí mìíràn láti fara balẹ̀. Lábẹ́ Gift Aid, ìjọba máa ń fi 25 pẹ́ńsì kún ọrẹ pọ́n-ùn kan, bí olùfúnni bá ń san owó orí tó tó, tó sì ti fọwọ́ sí ìwé tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀. Àpòòwé tó ní nọ́ńbà ló ń so owó mọ́ ẹni tó fún un. Ní Nàìjíríà, CAMA 2020, òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, fún CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, lágbára láti dá àwọn alákòóso ìjọ tó forúkọ sílẹ̀ dúró bí wọ́n bá ń ṣi owó lò. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí abala 839 tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú òfin náà, àmọ́ ìjọ tí ìwé rẹ̀ bá pé kò ní máa wá nǹkan kiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè.

Ẹni tí yóò yẹ ìwé owó wò lọ́dọọdún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kó mú ìwé ìṣirò oṣù kan tó wù ú, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́là àti àkọsílẹ̀ báńkì oṣù náà, kó fi wéra ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Bí owó bá dín lẹ́yìn tí ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Ẹ má fi owó àpò yín dí i. Àánú ló máa ń mú kí àwọn olóòótọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń fi 500 kún un lónìí kò ní mọ ibi tí yóò fi 500 sí lọ́jọ́ tó bá lé. Ẹ kọ "ó dín 500" sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, kí ẹ sì sọ fún akọ̀wé owó kí ẹnikẹ́ni tó kúrò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì.