Ìbáwí tó ní ọ̀nà àbọ̀

Ọjọ́ Ajé

Hébérù orí 12 ni mo kà láàárọ̀ yìí. Gbogbo wa la mọ ẹsẹ 6 lórí, pé ẹni tí Olúwa fẹ́ràn ni Í bá wí. Ẹsẹ 12 àti 13 la kì í sábà kà dé: kí a gbé ọwọ́ tó rọ sókè, kí a fún eékún tó ń gbọ̀n lókun, kí a tún ọ̀nà ṣe kí ẹni tó ń tiro lè rí ìwòsàn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa ti ń kùnà. Akọrin kan ṣẹ̀, wọ́n gba ẹ̀wù akọrin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó lẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Olúwa. Kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tí yóò parí, kò sí alàgbà tó ń yà wò ó nílé. Ìtìjú lé e lọ, wọ́n wá ní olóríkunkun ni. Rárá o! Àwa la sé ọ̀nà mọ́ ọn. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.

Nínú Mátíù 18, Olúwa ní kí ìwọ àti ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ nìkan kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́, kí o mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Bó bá kọ̀ tiwọn ni kó tó dé etí ìjọ. Tiwa ti dórí WhatsApp kí ẹni tó ṣẹ̀ tó gbọ́ ohun tó ṣe.

Ẹni tí èyí bá sú, tó fẹ́ fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀, kó wo ìjọ Kọ́ríńtì tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí. Ìyapa wà níbẹ̀, wọ́n ń pera wọn lẹ́jọ́, àwọn kan ń mutí yó nídìí Oúnjẹ Olúwa. Nínú ìjọ yẹn náà ni ará ilé Stefana ti fi ara wọn jìn fún iṣẹ́ ìránṣẹ́ àwọn ènìyàn mímọ́. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Wọn ò ní kí ìjọ kọ́kọ́ dára ná.

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ tí ẹ bá fi ènìyàn sí ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò sílẹ̀. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá sì ti ronú pìwà dà, gbangba ìjọ tó gbọ́ ìbáwí náà ni kí ẹ ti gbà á padà. Bí ẹ bá ṣe é ní kọ̀rọ̀, ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọn yóò ṣì máa fi wò ó.