Àyẹ̀wò Ọdún: Èmi àti Yímíyímí Igbó Omo

Yímíyímí ni mo fi ọdún yìí jókòó tì. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Agbolé kan ṣoṣo, ìyẹn àwùjọ àwọn irú tó bára tan, ni mo mú, Onthophagus, irú tó sì ti lórúkọ nínú agbolé yẹn káàkiri ayé lé ní 2,000.

Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn la ti kó wọn. A ri abọ́ ike mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba, a bu omi ọṣẹ sí i, a wá so imí sínú àkísà lókè rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti já sínú ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá ọdẹ tó mú wa wọlé. Wọ́n mọ ọ̀nà tí erin ń gbà, ibi tí erin bá sì yàgbẹ́ sí, yímíyímí kò ní jìnnà síbẹ̀.

Ìdí tábìlì, níbi tí a ti ń dá irú kọ̀ọ̀kan mọ̀, ni iṣẹ́ ti le. Ìwo máa ń tan ènìyàn. Akọ tó rí oúnjẹ jẹ yó nígbà tó ṣì jẹ́ ìdin á hu ìwo gígùn. Akọ irú kan náà tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó lè má hu nǹkan kan. Ẹni tó bá rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè sọ wọ́n ní orúkọ méjì. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rẹ akọ sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀, ká fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ jáde, ká wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ibẹ̀ kì í sábà tan ni.

Lẹ́yìn náà ló kan ìwé. Lọ́dún 1913 ni Henri d'Orbigny, ayàwòrán ilé ará Faransé, kọ iṣẹ́ ńlá kan lórí àwọn ará agbolé yìí nílẹ̀ Áfíríkà, èdè Faransé ló sì fi kọ ọ́. A ṣì nílò rẹ̀ dòní. Mo kọ́ Faransé tí mo lè fi kà á, inú mi sì dùn sí i gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ kòkòrò tí wọ́n kó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí orúkọ irú wọn so mọ́, tó yẹ ká fi tiwa wé, Paris àti London ni wọ́n wà. Fọ́tò ni èmi ń tọrọ.

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi tí kò bá ìkankan mu. Akọ ni, dúdú, ìwo kúkúrú méjì ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n yára sọ ọ́ lórúkọ. Mo kọ̀. Láti ọdún 2000, òfin àgbáyé lórí sísọ ẹranko lórúkọ ní kí ẹni tó bá ń sọ irú tuntun lórúkọ yan òkú kòkòrò pàtó tí orúkọ náà yóò so mọ́ (bó bá jẹ́ ẹyọ kan, holotype là ń pè é), kó sì sọ ilé tí wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹyọ kan tó fún òfin. Kò tó fún mi, nígbà tí mi ò tíì rí abo rẹ̀, tí mi ò sì mọ bí akọ rẹ̀ kékeré ṣe rí. Tó bá sì yá, Nàìjíríà ni holotype náà máa wà.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Wọ́n ń gé igi ní Omo, oko kòkó sì ń wọnú igbó lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a máa padà síbi tí a ti rí akọ yẹn, ká dẹ abọ́ sí etí oko àti inú igbó tí wọn ò tíì gé. Mo ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn. Kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi kí oṣù kejì tó parí.