Ìtanràn wọ àpò ìjọba, máṣíìnì wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá

Ọdún 2021 ni mo ra máṣíìnì ìránṣọ náà ní ₦85,000. Industrial tòkunbọ̀ ni, oníná. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní ìyàwó òun ló ni ín, pé ó ti fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀, ó ti gba Èkó lọ. Ọ̀sán gangan ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta. Ó kọ rìsíìtì, ó fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo ti yá lára owó náà.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni ọlọ́pàá dé, àwọn àti ìyá kan tó ń ránṣọ lápá ọ̀nà Àkúrẹ́. Ìyá náà kò tiẹ̀ wo ojú mi. Abẹ́ máṣíìnì ló bẹ̀rẹ̀ wò, ó fọwọ́ kan ibi tó ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí, ó bú sẹ́kún. Ọlọ́pàá kan wá ní, "Madam, ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀." Òwe yẹn dùn mí ju àgọ́ wọn tí mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló wá gbà mí sílẹ̀. Ẹ má bi mí ní iye tó ná an.

Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù níbí ní Iléṣà, ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi mí ṣe. Olè náà, ọkùnrin tó tà á fún mi, ní òun jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn ₦40,000. Àwọn ará ilé rẹ̀ tu owó jọ, wọ́n san án. Ìyá gba máṣíìnì rẹ̀, ìjọba gba ₦40,000, èmi gba ọ̀nà ilé lọ.

Ó tó ọdún kan kí ọmọ àgùnbánirọ̀ kan, agbẹjọ́rò, tó mú ṣòkòtò wá pé kí n bá òun dín in. Ọ̀rọ̀ ń yọ ọ̀rọ̀, ó bi mí pé, "Mà, ṣé ẹnikẹ́ni bá yín bèèrè owó gbà-má-bìínú ní kóòtù?" Gbà-má-bìínú kẹ̀? Èmi tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pè lólè! Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ka abala 319 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, ACJA, sí mi létí. Bí adájọ́ bá ń dájọ́, ó lè ní kí ọ̀daràn sanwó fún ẹni tó ṣe níbi, kó san owó ìtọ́jú ẹni tó ṣe léṣe, kó sì sanwó fún ẹni tó ra ẹrù láìmọ̀ pé ti olè ni, tí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n kò dí i lọ́wọ́. Mo ní kó tún un kà. Àfi bí ẹni pé wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Ó ṣàlàyé pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ni òfin yẹn wà fún, pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, Ọ̀ṣun náà sì ti ṣe. Àti pé "lè" ni wọ́n kọ, wọn kò kọ "gbọ́dọ̀". Ẹni tí kò bá bèèrè, ta ni yóò rántí rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tí wọ́n jà lólè nìkan ló yẹ kó gbowó. Mi ò gbà. Ẹni tí owó jáde lápò rẹ̀ gan-an nítorí ìwà ọ̀daràn yẹn, tó sì lè fi í hàn, ló yẹ kó gbà á. Ìyá yẹn ló ṣíwájú mi o. Olè náà fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ló sì fi ń háyà máṣíìnì onímáṣíìnì kí iṣẹ́ má bàa dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lórí bẹ́ǹṣì kóòtù. Wọ́n dá máṣíìnì padà fún un, wọ́n ṣe bí ẹni pé ó ti parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èmi. Alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Rárá, wọ́n ti gba owó wọn tèlétèlé. Oníbàárà tí mi ò rí aṣọ ẹbí òkú ìyá rẹ̀ rán? Èmi ni mo gba iṣẹ́ rẹ̀, èmi náà ni mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Èrè tí ǹ bá jẹ ní Kérésì ọdún yẹn, àlá ni, mi ò ní gbé àlá lọ bá adájọ́.

Wọ́n á ní gbogbo agbẹ́rù-olè ni yóò máa sọ pé àwọn ò mọ̀. Òótọ́ ni. Kí adájọ́ wo rìsíìtì, kó wo àkókò tí wọ́n rà á, kó wo iye tí wọ́n rà á. Níbi iye yẹn, kí n má purọ́: irú máṣíìnì yẹn ń lọ tó ₦110,000 nígbà náà, mo sì mọ̀. Inú mi dùn pé mo rí i ní pọ́ọ́kú, mi ò béèrè nọ́ńbà ìyàwó tó lọ sí Èkó. Bí wọ́n bá ní kí n gba ìdajì, n kò ní jà.

Pé olè kò lówó lọ́wọ́ kò sì tó àwáwí fún mi. Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, aṣọ ló ń tà láwìn kiri Èkìtì. Lóòótọ́, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní dìde. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń gbà á, ìkórè dé ìkórè. ₦5,000 lóṣù, ta ni yóò pa?

Lóṣù tó kọjá, mo rí ọkùnrin náà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, ó ń ti ọmọláńkẹ́. Ó kí mi, "Àǹtí, ẹ kú ọjà." Mo dá a lóhùn. Mi ò lóṣòó. Rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú agolo bọ́tìnnì mi, orúkọ tó kọ síbẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí akọ̀wé kóòtù fi pè é.